Nọ́ńbà Wálẹ̀, Àìsàn Kò Tíì Lọ

Ọ̀rọ̀ ìlera tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ àyájọ́ ọdún ẹgbẹ́ wa

   

Lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ owó ni ọ́fíìsì akọ̀wé máa ń bá yín sọ: ta ló san, ta ni kò san, èlé mélòó ló wọlé. Ìyẹn ti wà nínú ìròyìn ọdún, ẹ ó kà á níbẹ̀. Lónìí, a gba àyè lọ́wọ́ Alága láti sọ ọ̀rọ̀ kan tó kan àwọn ọkọ wa, tó sì kan àpò ẹgbẹ́ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ prọ́sítéètì ni. A mọ̀ pé bí àwọn bàbá bá ti gbọ́ orúkọ yìí, òùngbẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ wọ́n, wọ́n á fẹ́ dìde lọ ra mínírà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Àwa ìyàwó yín ló ń bẹ̀ yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin wa. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́ kí àwọn ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n, àmọ́ ká má dárúkọ òun. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lẹ́ẹ̀márùn-ún lóru láti tọ̀. Bàbá ní àgbà ló dé. Wọ́n mu àgbo títí, kò yé. Nígbà tí wọ́n wá dé ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n mú bíńtín nínú ẹran ibẹ̀, wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò lójú kan tó wà. Iṣẹ́ abẹ lè yọ ọ́. Owó iṣẹ́ abẹ ni kò sí nílẹ̀. Dókítà wá ní kí bàbá máa gba abẹ́rẹ́ kan ná títí owó yóò fi pé, kí nǹkan náà má baà gbèrú.

Ìyá wá sọ́dọ̀ wa. A yá a lówó, onígbọ̀wọ́ méjì fọwọ́ sí i. Bàbá gba abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, nọ́ńbà tó ti ga fíofío wálẹ̀ pátápátá. Ìtọ̀ ń jáde geere. Bàbá ń sùn títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ó ní, "Kí ni wọ́n tún fẹ́ gé lára mi? Àìsàn ti lọ." Kò lọ gba abẹ́rẹ́ mọ́. Ìyá gbé owó iṣẹ́ abẹ padà wá fún ẹgbẹ́ kí èlé má baà gorí rẹ̀. Àwa náà bá a yọ̀, a tiẹ̀ jó. A ṣí ìwé owó, a fi báírò pupa kọ "Ó parí" síwájú orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀ tó béèrè pé, "Ṣé dókítà ló ní ó parí?"

Kò pé ọdún méjì, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun bàbá. Wọ́n padà sílé ìwòsàn, jẹjẹrẹ ti wọ egungun. Iṣẹ́ abẹ tí ì bá yọ ọ́ nígbà yẹn kò lè yọ ọ́ mọ́. Bàbá ṣì wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó ń gba ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú tó ń dá àìsàn dúró ni, kì í ṣe èyí tó ń fà á tu.

Ọ̀rọ̀ náà dùn wá wọra. Báírò pupa tiwa wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ló dé tí nọ́ńbà fi wálẹ̀ tí àìsàn kò lọ. Ọmọ ìyá náà kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì bá wa wá àwọn ìwé ìwádìí, ó jókòó tì wá nínú ìsọ̀, ó ń túmọ̀ wọn fún wa. Ohun tó yé wa la fẹ́ sọ fún yín.

Kí ni prọ́sítéètì? Ẹ̀yà ara kékeré kan ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju obì lọ. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin ló wà, àárín rẹ̀ ni ìtọ̀ ń gbà kọjá. Obìnrin kò ní in. Bí ọkùnrin bá ń dàgbà, ó lè wú lásán, kí ìtọ̀ má jáde dáadáa mọ́. Ìyẹn yàtọ̀ sí jẹjẹrẹ. Èyí tó burú ni pé jẹjẹrẹ ibẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún ọdún pípẹ́ láìdun ẹni tó ni ín, láìṣe ìtọ̀ ní ohunkóhun. Ẹni tó bá ní òun ń dúró de ìrora kí òun tó lọ yẹ ara wò, ìrora lè dé nígbà tí ọjà ti tú.

Kí ni abẹ́rẹ́ yẹn wá ń ṣe? Ní ọdún 1941, ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, dókítà kan tó ń jẹ́ Charles Huggins àti Clarence Hodges tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn pé họ́mónù tó ń mú ọkùnrin jẹ́ ọkùnrin ni jẹjẹrẹ yìí ń jẹ bí oúnjẹ. Inú kóró ẹpọ̀n ni èyí tó pọ̀ jù nínú họ́mónù náà ti ń wá. Wọ́n yọ kóró náà fún àwọn aláìsàn, wọ́n fún àwọn mìíràn ní họ́mónù obìnrin, wọ́n sì rí i pé jẹjẹrẹ náà ń rọ̀. Ní 1966, wọ́n fún Huggins ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí. Lóde òní, abẹ́rẹ́ wà tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìyọ ohunkóhun. Ó ń dí ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà ránṣẹ́ sí kóró ẹpọ̀n pé kó ṣe họ́mónù. Oògùn oníhóró náà wà tó ń dènà họ́mónù kó má ráyè wọ inú jẹjẹrẹ.

Nítorí náà, nígbà tí bàbá gba abẹ́rẹ́, ebi ló ń pa jẹjẹrẹ yẹn. Ó súnkì, nọ́ńbà wálẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa kò tíì kú. Nígbà tí bàbá dá abẹ́rẹ́ dúró, oúnjẹ padà dé. Ẹni tí kò tiẹ̀ dá a dúró náà, bó pẹ́ bó yá, jẹjẹrẹ náà lè kọ́ bí yóò ṣe máa gbé láìsí oúnjẹ yẹn.

Abẹ́rẹ́ náà ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ọkùnrin. Ooru á máa bò ó lójijì, òógùn á bo ara. Àwa tí nǹkan oṣù wa ti dá, ṣé a mọ ooru yẹn? A mọ̀ ọ́n dáadáa! Ìfẹ́ sí ìyàwó á dín kù. Ó máa ń rẹ̀ wọ́n, ikùn lè yọ, egungun lè di ẹlẹgẹ́, ìtọ̀ ṣúgà lè wọlé. Nítorí náà, bí ọkọ yín bá wà lórí ìtọ́jú yìí tí kò sì wò yín lójú mọ́, ẹ má ṣe ní ó ti ní obìnrin níta. Oògùn ni. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Ìbéèrè tó wá wà nílẹ̀ nìyí. Bí iṣẹ́ abẹ bá lè yọ jẹjẹrẹ, tí oògùn họ́mónù sì lè fi ebi pa á, ṣé kò ní dára ká pa méjèèjì pọ̀? Bí a bá fẹ́ pa á pọ̀, ṣé ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Lójú tiwa nínú ọjà, ìdáhùn rọrùn: ohun tó súnkì rọrùn láti gbé. Ọ̀pọ̀ dókítà náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró lórí "a rò pé". Wọ́n dán an wò.

Bí wọ́n ṣe ń dán an wò rèé. Wọ́n á kó àwọn aláìsàn tí àìsàn wọn jọra wọn jọ, àwọn tó fọwọ́ ara wọn gbà láti wọ inú rẹ̀. Bí ẹni ṣẹ́ gègé ni wọ́n á fi pín wọn sí ọ̀nà méjì, kí dókítà má baà kó àwọn tí ara wọn le sí apá kan. Apá kan á gba oògùn tuntun, apá kejì á gba ìtọ́jú tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á wá máa ka ọdún. Ẹ wò ó bí ìgbà tí a fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀lùbọ́ oníbàárà tuntun dára ju ti ti tẹ́lẹ̀ lọ. A kì í fi ojú wò ó nínú àpò lásán. A ó ro méjèèjì lórí iná kan náà, a ó jẹ ẹ́.

Ìdánwò kan wà ní Amẹ́ríkà tí Dókítà Mark Soloway àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1995. Ọkùnrin 138 lo oògùn họ́mónù fún oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọkùnrin 144 lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tààrà. Nígbà tí wọ́n yọ prọ́sítéètì wọn, wọ́n yẹ etí ẹran tí ọ̀bẹ gé wò. Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń gé ibi tó jẹrà kúrò lára iṣu. Bí ojú ibi tí a gé bá funfun, ọkàn wa á balẹ̀. Bí dúdú bá ṣì wà lójú ọ̀bẹ, a mọ̀ pé ó ṣẹ́kù lára iṣu. Lára àwọn tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tààrà, 48 nínú 100 ni jẹjẹrẹ wà lójú ọ̀bẹ fún. Lára àwọn tó kọ́kọ́ lo oògùn, 18 péré nínú 100 ni.

Bó bá jẹ́ àwa ni, ijó ni à bá jó, báírò pupa ni à bá gbé. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà náà kò kọ "Ó parí". Wọ́n dúró fún ọdún márùn-ún, wọ́n tún yẹ àwọn ọkùnrin náà wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2002. Lára àwọn tó kọ́kọ́ lo oògùn, nǹkan bí 65 nínú 100 ni jẹjẹrẹ kò padà wá bá. Lára àwọn tó lọ tààrà, nǹkan bí 68 nínú 100 ni. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin èèyàn wa! Àǹfààní tí ojú rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tó fi máa pé ọdún márùn-ún. Oògùn oṣù mẹ́ta yẹn mú kí ojú ọ̀bẹ mọ́, kò mú kí àìsàn dín ní pípadà wá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bàbá wa ti yé wa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ti ṣẹlẹ̀ lójú àwọn àgbà dókítà pàápàá. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé àwọn dúró, wọ́n tún kà á.

Ẹ má ṣe tìtorí èyí sọ pé oògùn họ́mónù kò wúlò. Ìdánwò mìíràn wà tí Dókítà Edward Messing ṣáájú rẹ̀, ní Amẹ́ríkà náà. Láàrin 1988 sí 1993 ni wọ́n kó ọkùnrin 98 wọ inú rẹ̀. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ ti dé inú àwọn kókó kéékèèké tó wà nítòsí ibẹ̀, irú kókó tó máa ń wú sí wa lábẹ́ itan bí egbò bá wà lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin 47 bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú họ́mónù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn 51 yòókù dúró, ó di ìgbà tí àìsàn bá tún yọjú. Èsì rẹ̀ jáde ní 1999, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méje. Nínú 47 tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, 7 ti kú, jẹjẹrẹ yìí ló pa 3 nínú wọn. Nínú 51 tó dúró, 18 ti kú, jẹjẹrẹ yìí ló pa 16.

Ènìyàn 98 kò pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ ló yẹ kó gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: oògùn tó ń fi ebi pa jẹjẹrẹ ni nínú méjèèjì. Fún àwọn kan, ṣáájú iṣẹ́ abẹ, fún oṣù mẹ́ta, kò yí nǹkan padà. Fún àwọn mìíràn tí àìsàn wọn ti rìn díẹ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó gba ẹ̀mí là. Ta ló lè fi ojú lásán mọ èyí? Ìdánwò ló fi hàn.

Wọn kò sì dúró síbẹ̀. Ní 2019, ìdánwò ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, orúkọ rẹ̀ ni PROTEUS. Ó ju ẹgbẹ̀rún méjì ọkùnrin tó wọ inú rẹ̀, àwọn tí jẹjẹrẹ tiwọn le, tó ṣeé ṣe kó padà wá. Gbogbo wọn ló gba abẹ́rẹ́ fún oṣù mẹ́fà ṣáájú iṣẹ́ abẹ àti oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Apá kan tún lo oògùn oníhóró tuntun kan tó ń jẹ́ apalutamide. Apá kejì lo oníhóró tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní oògùn nínú. Aláìsàn kò mọ èyí tó ń lò, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ náà kò mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ojú rere wo apá kan. Ohun méjì ni wọ́n gbé ka iwájú láti wò: ṣé jẹjẹrẹ ṣẹ́kù nínú ẹran tí wọ́n yọ, àti ṣé ọkùnrin náà pẹ́ láyé kí jẹjẹrẹ tó ràn dé ibi tó jìnnà nínú ara. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò fi ti ojú ọ̀bẹ nìkan ṣe é. Wọ́n ti kọ́gbọ́n.

Kí ló kan àwa nínú èyí? Ó kàn wá gan-an. Jẹjẹrẹ yìí ló wọ́pọ̀ jù láàrin àwọn jẹjẹrẹ tó ń mú ọkùnrin ní Nàìjíríà. Nílùú Ọba, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa wà, ọkùnrin 1 nínú 8 ló ń ní in láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, 1 nínú 4 ni. Síbẹ̀, aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ti fi dán oògùn wò. Bí wọ́n bá sọ fún ọmọ yín tàbí ọkọ yín pé ìdánwò wà, ẹ má ṣe sá, ẹ má sì ṣe fi ìkánjú wọ̀ ọ́. Ẹ béèrè: Kí lẹ fẹ́ mọ̀? Kí ni apá kejì ń gbà? Ta ló ń sanwó? Kí ló lè ṣe mí? Ṣé mo lè jáde bí mo bá fẹ́? Ìdánwò tó bá mọ́, wọn kì í fi tipátipá mú ni wọ̀ ọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ jáde á jáde láìpàdánù ìtọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá, ẹni tó bá ti pé ọdún 45, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa yíyẹ ẹ̀jẹ̀ wò, pàápàá bí bàbá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ti ní i rí. PSA ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga, kò túmọ̀ sí pé jẹjẹrẹ ni dandan. Wíwú lásán náà lè gbé e ga. Bó bá wálẹ̀ lẹ́yìn oògùn, kò túmọ̀ sí pé àìsàn ti tán. Dókítà ni yóò sọ èyí tó jẹ́. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ bá ọkọ yín lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ jọ gbọ́ ọ. Ọkùnrin lè gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀, kó sì fi ẹ̀rù gbàgbé ìdajì tó kù. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ abẹ wà níwájú, ẹ béèrè pé oògùn tí ẹ kọ ṣáájú yìí, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ọjọ́ wo la ó padà wá? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a kò bá wá?

Ní paríparí rẹ̀, ìgbìmọ̀ fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ka iwájú yín, kí ẹ fọwọ́ sí i ní ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀. Èkíní, kí owó tí ẹgbẹ́ bá yá ẹnikẹ́ni nítorí àìsàn má ṣe ní èlé ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà tìtorí èlé gbé owó iṣẹ́ abẹ padà. Èkejì, kí a máa san án díẹ̀díẹ̀ bí ọjọ́ ìtọ́jú bá ṣe ń kò, dípò ká kó gbogbo rẹ̀ fún ni lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀kẹta, kí akọ̀wé má tún gbé báírò pupa fún owó àìsàn mọ́ láìjẹ́ pé ẹni tó yá owó mú ìwé dókítà wá tó fi hàn pé ìtọ́jú ti parí. A ti pa ọ̀rọ̀ "Ó parí" yẹn rẹ́ nínú ìwé. A kọ "Ó ń lọ lọ́wọ́" sí ojú rẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

 Ẹ̀yin bàbá tó fẹ́ ra mínírà, ẹ lè máa lọ báyìí, ẹ bá wa ra tiwa bọ̀. Ọlọ́run á jẹ́ ká fi ọwọ́ ṣe ọdún mìíràn, a ò ní fi ẹkún ṣe é. Àwọn ọkọ wa kò ní tètè fi wá sílẹ̀. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. Àmín.